Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin dókítà ẹranko Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lórí ọ̀rọ̀ adìẹ tó ti dàgbà

Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Ẹranko Nàìjíríà, ẹ̀ka Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú ohun ẹlẹ́mìí. Mo ń kọ̀wé yìí ní gbangba nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀ yín: bí ẹnì kan bá gbé adìẹ kan ṣoṣo wá sọ́dọ̀ yín, adìẹ tó ti darúgbó tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ajá àti ológbò. Ẹ má sọ fún un pé kó lọ pa á jẹ.

"Màmá, adìẹ mà ni. Ẹ pa á jẹ kó tó kú." Ohun tí dókítà kan sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo gbé àgbébọ̀ mi lọ bá a. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní sọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò fọwọ́ kan adìẹ náà. Kò bi mí pé kí ló jẹ, ìgbà wo ló yé ẹyin kẹ́yìn, irú ìgbẹ́ wo ló ń yà. Ó wo inú apẹ̀rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí ẹni tó fa ajá lọ́wọ́ lẹ́yìn mi.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ewu wà nínú rẹ̀. Adìẹ tí ara rẹ̀ kò yá, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì mọ ohun tó ń ṣe é, ni wọ́n ní kí n fi se ọbẹ̀. Ṣé ẹ rántí 2006? Oṣù Èrèlè ọdún yẹn ni wọ́n rí àrùn adìẹ H5N1 (bird flu) ní oko kan ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ilẹ̀ wa yìí ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Áfíríkà. Nígbà tí 2007 wọlé, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń pariwo lórí rédíò nígbà náà pé ká má fọwọ́ lásán gbé adìẹ tó ń kú, ká má tu ìyẹ́ rẹ̀, ká má sì fún ọmọdé mú dání. Báwo ni adìẹ tó ń ṣàìsàn ṣe tún wá di ẹran ọbẹ̀ torí pé ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo? Ká tiẹ̀ sọ pé àrùn tó ń ṣe é kì í ràn. Ọ̀pọ̀ wa ti fún adìẹ náà ní òògùn tá a rà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìẹ ká tó gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n kọ ọ́ sára àwọn òògùn wọ̀nyẹn pé ọjọ́ báyìí gbọ́dọ̀ kọjá kí èèyàn tó jẹ ẹran tàbí ẹyin adìẹ tó lò ó. Òògùn kan tó ń jẹ́ enrofloxacin, tí wọ́n ń tà fún wa láìbéèrè nǹkan kan, Amẹ́ríkà ti fòfin dè é lára adìẹ láti 2005, kí àwọn kòkòrò àrùn má bàa di ohun tí òògùn ò ràn mọ́ lára èèyàn. Ẹni tó bá ní "pa á jẹ" ti gbàgbé gbogbo èyí.

Mẹ́fà làwọn adìẹ tó wà lẹ́yìnkùlé mi ní Àpáta báyìí. Méjì jẹ́ ìbílẹ̀: ọ̀kan, ìyẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ sẹ́yìn, èkejì ò ní ìyẹ́ lọ́rùn rárá. Mẹ́rin tó kù jẹ́ adìẹ àgírìkì, àwọn tí gbogbo ọjà mọ̀ sí old layer. Bí wọ́n bá ti lo bí ọ̀sẹ̀ 72 sí 80, olóko á tà wọ́n, torí ẹyin wọn ti ń dín kù, oúnjẹ wọn sì ti ń wọ́n ju ẹyin lọ. Mi ò bá olóko jà, iṣẹ́ ajé ni tiwọn. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ 72 kò tíì pé ọdún kan àbọ̀. Adìẹ tí wọ́n bá tọ́jú lè lo ọdún mẹ́jọ, òmíràn á sì kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní 2023, àwọn Guinness kọ orúkọ adìẹ kan sílẹ̀ ní Michigan ní Amẹ́ríkà, Peanut lorúkọ rẹ̀, pé òun ló dàgbà jù nínú gbogbo adìẹ tó wà láàyè. Ó ti lé lọ́mọ 20 ọdún nígbà náà. Ṣé ẹ rí i pé ẹni tó bá ra old layer sílé láì fi ọ̀bẹ kàn án, ọmọdé ló rà.

Èyí tí mo gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn, Àbẹ̀kẹ́ là ń pè é. Bí mo bá jókòó tí mo ń fẹ́ ẹ̀wà, á wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi òsì, kì í dúró sí ọ̀tún láéláé, á sì máa ṣa àwọn kòkòrò tó ń já bọ́ látinú àtẹ. Ó mọ ìró àtẹ yàtọ̀ sí ìró abọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí àwọn yòókù ti wọ̀, òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n ó fi gbé e lé orí igi, torí orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, kò sì lè fò mọ́. Irú ẹran báyìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wo iye owó rẹ̀ lọ́jà.

Nígbà tí àìsàn náà dé, ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ogbe orí rẹ̀ tó máa ń pọ́n yòò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ń dúró gbọnrangandan, àyà sókè, ìrù nílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ya síra. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀: ikùn ti wú, ó ń mì lọ́wọ́ bíi pure water tí wọn ò tíì já, egungun àyà rẹ̀ sì yọ ṣonṣo lókè rẹ̀, torí bí ikùn ṣe ń tóbi ni ẹran ara ń lọ lábẹ́ ìyẹ́. Adìẹ máa ń fi àìsàn pamọ́. Bí ó bá jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ó ti rẹ òun, wọ́n á máa fẹnu ṣá a, wọ́n á lé e nídìí oúnjẹ. Ìgbà tí olówó rẹ̀ bá fi máa rí i pé nǹkan ń ṣe é, ó ti pẹ́ tó ti ń fara dà á.

Ẹ̀yin mọ ohun tó ń ṣe é, àmọ́ àwọn mìíràn tó ń ka lẹ́tà yìí lè má mọ̀. Adìẹ inú igbó Éṣíà tí gbogbo adìẹ ilé ti ṣẹ̀ wá, ẹyin bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń yé lọ́dún. Adìẹ àgírìkì ń yé nǹkan bí 300. Wákàtí 24 sí 26 ni ẹyin kan fi ń di odindi, nǹkan bíi 20 nínú rẹ̀ ló sì ń lọ sórí èèpo nìkan. Bí oúnjẹ kò bá tó, inú egungun ara rẹ̀ ni adìẹ á ti fa ohun tó máa fi ṣe èèpo náà jáde. Iṣẹ́ yìí ń jẹ wọ́n lára. Nígbà mìíràn pupa ẹyin kì í gba ọ̀nà tó yẹ, á já sínú ikùn, á rà síbẹ̀, omi á sì gbà á. Nígbà mìíràn ẹyin á há sí ìdí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, jẹjẹrẹ ni, níbi tí ẹyin ti ń hù gan-an. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó ń wádìí jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin, àgbébọ̀ adìẹ ni wọ́n máa ń wò, nítorí pé nínú gbogbo ẹran ilé, òun ni irú àrùn náà sábà máa ń mú jù fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi sí i lára. Ara tí àwọn adìẹ yìí fi yé ẹyin fún wa ni wọ́n fi ń ṣàìsàn yìí. Mi ò rò pé ó yẹ ká fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà lórí rẹ̀.

Dókítà ọ̀dọ́ kan ló gbà wá. Kò tíì pẹ́ tó jáde ní yunifásítì, ó sì wá bá mi nílé. Ó fi aṣọ ìnura wé Àbẹ̀kẹ́, ó ní kí n di ìyẹ́ apá rẹ̀ mú lẹ́sọ̀, ó fi ọtí nu abẹ́ ikùn rẹ̀, ó sì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Omi rúsúrúsú bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú sírínjì. Ó fà díẹ̀, ó dúró, ó tún fà. Ó ní tí òun bá fà á tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè dákú. Àbẹ̀kẹ́ ń mí fúkẹ́fúkẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí omi náà ṣe ń dín kù, mo rí i tí àyà rẹ̀ ń rọlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bá mi nídìí àtẹ. Ọmọkùnrin náà sọ fún mi láìfi bò pé kì í ṣe ìwòsàn lòun ṣe, pé ara tù ú ni, pé omi náà á padà. Ó padà lóòótọ́. Ó tún wá fà á. Nígbà tó wá di pé Àbẹ̀kẹ́ kò lè jẹun mọ́, tí kò sì lè sinmi, ó gún un lábẹ́rẹ́ tó mú un lọ láìní ìrora, a sì sin ín sí jìnnà sí kànga, sínú ihò tó jìn, a bu ẹfun sí i. Gbogbo àkókò tó lò láàárín ìgbà àkọ́kọ́ yẹn àti ìgbà ìkẹyìn, ó lò ó láìjìyà. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń ṣiyèméjì bóyá irú iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe ní Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe, abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ tó balẹ̀ ló gbà.

Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ́ yín nípa adìẹ yàtọ̀. Agbo ni wọ́n fi kọ́ yín. Bí mẹ́wàá bá kú nínú 5,000, ẹ ó la díẹ̀ nínú àwọn tó kú, ẹ ó mọ ohun tó pa wọ́n, ẹ ó sì fi ìyẹn gba àwọn tó kù là. Ó bọ́gbọ́n mu fún oko. Àmọ́ ẹni tó ní adìẹ mẹ́ta kò ní òkú tí ẹ máa là. Láti ibẹ̀ ni ìṣòro òògùn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára báàgì òògùn pé ká po ó mọ́ omi lítà báyìí fún adìẹ ẹgbẹ̀rún báyìí. Èmi tí mo ní ẹyọ kan, báwo ni n ó ṣe wọn èyí? Adìẹ tí ara rẹ̀ kò yá kì í sì í mumi tó bó ṣe yẹ, nítorí náà òògùn inú omi kò wọnú rẹ̀. Ẹ bá wa ṣe ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá, kó sọ bí a ṣe ń wọn òògùn fún adìẹ kan gẹ́gẹ́ bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó, àwọn òògùn tí a ò gbọdọ̀ fún un láìrí yín, àti iye ọjọ́ tí a ò gbọdọ̀ jẹ ẹyin rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìtọ́jú tí kò la òògùn lọ pọ̀ tí àwa fúnra wa ń ṣe, inú mi á sì dùn bí ẹ bá tún un ṣe fún wa. Adìẹ tí ẹyin há sí ìdí, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni mo ń gbé e jókòó sí, tó fi máa tó bí ìṣẹ́jú ogún, lẹ́yìn náà n ó gbé e sí ibi tó ṣókùnkùn tí ariwo ò sí. Tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá wú tó sì ní èépá dúdú láàárín, n ó rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, n ó wé e, n ó sì wo igi tí wọ́n ń sùn lé bóyá ó ti ya tàbí ó ga jù, torí bíbọ́ láti òkè ló ń dá egbò yẹn sílẹ̀ fún adìẹ tó ti wúwo. Èyí tí èépá ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé sókè, tí kòkòrò ti wọ abẹ́ rẹ̀, òrí ni mo ń fi pa á lójoojúmọ́ kí afẹ́fẹ́ má bàa dé ọ̀dọ̀ kòkòrò náà. Adìẹ tí kò yé ẹyin mọ́, mi ò fún un ní oúnjẹ àwọn tó ń yé, torí èròjà ìkarahun inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún kíndìnrín rẹ̀. Ìkarahun ń wà nínú abọ́ ọ̀tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ wọ́n fún èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín, ìdérègbè tó léyín ń gbé irin mì ni? Inú iwe ni eyín rẹ̀ wà, òkúta yẹn sì ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ gbogbo ènìyàn, nítorí ó ń pa adìẹ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn wọn. Ihò tí adìẹ fi ń mí wà ní ìdí ahọ́n gan-an. Ẹni tó bá ya ẹnu rẹ̀, tó da omi tàbí àgbo sí i lọ́fun gbuu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló dà á sí. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni ká kán an sí, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ká jẹ́ kó fúnra rẹ̀ gbé e mì. Bákan náà, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án tó ní "ibà ń ṣe é, ara rẹ̀ gbóná", kó fara balẹ̀. Ara adìẹ tí nǹkan kan ò ṣe máa ń tó 41°C. Ìyẹn á dá èèyàn dùbúlẹ̀, àmọ́ bí tiwọn ṣe rí nìyẹn.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní mẹ́ta tirẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀, British Hen Welfare Trust, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005. Adìẹ tí olóko fẹ́ kó lọ fún àwọn apẹran ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n sì ń fún àwọn tó fẹ́ sìn ín nílé. Bí ọ̀kan nínú tọmọ mi bá ṣàìsàn, dókítà ẹranko àdúgbò á gbé e lé òṣùwọ̀n, á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú, á kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe ń kọ ti ajá. Ó sọ fún mi pé òògùn kan wà tí wọ́n ń tì bọ abẹ́ awọ rẹ̀, tó máa dá ẹyin yíyé dúró fún oṣù díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè sinmi. Ìjọba wọn pàápàá, láti ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà 2024, ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní adìẹ, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n lè tètè rí wọn bí àrùn bá dé. Mi ò sọ pé ká ṣe bí òyìnbó. Àwa la ní ìtàn pé adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló tan ilẹ̀ ká ní Ifẹ̀ kí èèyàn tó rí ibi dúró sí. Ẹni tó fún adìẹ ní ipò yẹn nígbà ìwáṣẹ̀ kò yẹ kó máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbé e wọ ilé ìwòsàn.

Àwọn kan á ní ebi ń pa èèyàn nílùú, ẹ̀yin ń tọ́jú adìẹ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Owó mi ni mo fi ń sìn wọ́n, mo sì ṣe tán láti san owó iṣẹ́ yín, kódà bó bá ju owó adìẹ lọ. Ajá tí wọ́n bí ládùúgbò, tí wọ́n fi ta ẹni tó ni ín lọ́rẹ, ẹ ń wò ó, ẹ kì í bi í pé èló ló rà á. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ mi kì í ṣe nítorí èmi nìkan. Obìnrin tó ní adìẹ ìbílẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ilé, tó ń fi ẹyin wọn ra ìwé fọ́mọ, lúkúlúkú, àrùn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, á wọ ilé rẹ̀ nígbà ọyẹ́, á kó wọn lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òun náà kò lè gbé ẹyọ kan wá bá yín láìjẹ́ pé wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́ láti dá ẹni tó ní adìẹ kan lóhùn, òun náà ti rí yín nìyẹn.

Lórí lúkúlúkú yìí, ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mo ń rí rà, ti adìẹ 200 ni. Bí wọ́n bá ti po ó, láàárín wákàtí bíi méjì ó gbọ́dọ̀ tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò wúlò mọ́. Ta ló máa ṣí 200 fún mẹ́fà? Bẹ́ẹ̀, ilé ìwádìí àrùn ẹranko ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti 1924, ń ṣe oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní I-2, tó ń fara da ooru díẹ̀, tí ẹ̀kán kan ṣoṣo nínú ojú sì tó. Bí ẹ bá lè yan ọjọ́ kan fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan kí ọyẹ́ tó dé, a ó kó àwọn tiwa jọ, ìgò kan á sì tó gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Àpáta. Ìloro ilé mi fẹ̀, bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, fìríìjì mi ń ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ sì wà bí wọ́n bá múná lọ. N ó lọ sọ fún àwọn obìnrin tó ń sin adìẹ láti ibí dé Òdo-Ọnà, kí wọ́n kó wọn wá nínú àgò lówùúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Ọjọ́ tó bá wọ̀ fún yín ni ẹ ní kí n gbọ́. Bí ẹnì kan nínú yín bá sì ti ń gba adìẹ ẹyọ kan wọlé ní ilé ìwòsàn rẹ̀, kó kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní èdè Yorùbá, lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ lé orí lè rí i láti títì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Màmá Aládìẹ,
Àpáta, Ìbàdàn.